Dẹ́rẹ́bà mutí níbi ìsìnkú, ó pa ọlọ́kadà lójú ọ̀nà Oǹdó sí Àkúrẹ́: ọrùn ta ni ẹ̀jẹ̀ yìí wà?

Ọmọ Ìjọ̀mú

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí wa, mo sì fẹ́ gbọ́ tẹnu àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Ẹgbẹ́ ìyá mi lọ bá ọ̀kan nínú wọn sìnkú bàbá rẹ̀ nílùú Oǹdó lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Bọ́ọ̀sì ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n háyà, dẹ́rẹ́bà tó ń bá a wà á náà ló sì gbé wọn lọ. Wọn ò tíì pẹ́ lábẹ́ kánópì tí ọtí ti ń lọ lọ́dọ̀ àwọn dẹ́rẹ́bà. Ọmọ olóòkú fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé kiréètì bíà kan síbẹ̀, kí àwọn tó gbé èèyàn wá má baà lọ sọ pé wọn ò ka àwọn sí. Ìyá mi ní òun tún rí dẹ́rẹ́bà wa tó ra ọtí inú ọ̀rá lọ́wọ́ ọmọ kan tó ń kiri.

Ó ti tó aago mẹ́jọ alẹ́ kí wọ́n tó gbéra. Àwọn tó jókòó níwájú ní òórùn ọtí gba gbogbo inú ọkọ̀. Ìyá mi pariwo pé, "Dẹ́rẹ́bà, rọra o!" Ó ní, "Mọ̀mí, ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí kòtò tí mi ò mọ̀ lójú ọ̀nà yìí." Wọ́n kọjá Ọ̀wẹnà tán, ó fẹ́ kọjá lára tírélà kan tó ń fà níwájú, ló bá lọ kọlu ọlọ́kadà tó ń bọ̀ lápá kejì. Ọlọ́kadà kú lójú ẹsẹ̀. Obìnrin tó gbé sẹ́yìn kán lẹ́sẹ̀, ó wà ní ọsibítù di bí mo ṣe ń kọ èyí. Àwọn ìyá tó wà nínú bọ́ọ̀sì fara gbọgbẹ́ díẹ̀díẹ̀, a dúpẹ́.

Dẹ́rẹ́bà wà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò sí níbẹ̀, òun kọ́ lòun fún un lọ́tí. Ẹgbẹ́ ní owó ọkọ̀ làwọn san. Ọmọ olóòkú ní àlejò lòun ṣe. Ìyàwó dẹ́rẹ́bà ń ké kiri pé àwọn tó gbé ọtí fún ọkọ òun ló ba ti òun jẹ́. Olóògbé sì fi ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ fẹ́ ṣèpàdé lọ́jọ́ Sunday bóyá kí wọ́n dá owó fún ẹbí rẹ̀. Àwọn kan ti ń sọ pé tí a bá dá kọ́bọ̀, a ti gbà nìyẹn pé àwa la pa á. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló jẹ̀bi?

Bọ̀dá Ọjà Ọba

Dẹ́rẹ́bà. Òun ló mu ún, òun ló wakọ̀. Kí ni a tún fẹ́ sọ?

Ìyá Ìbejì Ìsìkàn

Bọ̀dá, ẹ rọra. Kí ni a tún fẹ́ sọ bí? Àwọn ìyá tó ń gbóòórùn ọtí látìgbà tí wọ́n ti wọlé, ṣé wọn ò lẹ́nu láti sọ pé "dúró, a fẹ́ sọ̀ kalẹ̀" ni? Ọkọ̀ ń lọ sí Àkúrẹ́ ní gárééjì Oǹdó títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn baba wa ló ní ẹni tó gbépo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ọmọ olóòkú ló gba epo yìí sílẹ̀, àwa èrò sì dúró wò ó.

Ọmọ Ìjọ̀mú, ẹ bá mi kí mọ̀mí o. Mi ò bú wọn. Èmi náà máa ń lọ òde, mo mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí ẹsẹ̀ ti ń ro èèyàn, gèlè ti há mọ́ orí, tí gbogbo ará ọkọ̀ sì fẹ́ délé. Ẹni tó bá ní kí wọ́n dúró lásìkò yẹn ni wọ́n máa pè ní aláṣejù.

Ṣọlá Ọ̀dà Road

Ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n ṣé ọlọ́kadà yẹn ní iná lójú? Ṣé ó dé akoto? Ìdajì àwọn ọlọ́kadà tó ń ná ọ̀nà yẹn lálẹ́, tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń so mọ́ iwájú ọ̀kadà. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ lé dẹ́rẹ́bà lórí.

Ọmọ Ìjọ̀mú

Ẹ̀gbọ́n Ṣọlá, iná rẹ̀ ń tàn. Ìyá mi wà lórí ìjókòó kejì sí dẹ́rẹ́bà, iná ọ̀kadà náà ni wọ́n kọ́kọ́ rí kí wọ́n tó kígbe. Apá tirẹ̀ ni ó wà, bọ́ọ̀sì ló bá a níbẹ̀. Ti akoto, kò dé e.

Ìyá Ìbejì Ìsìkàn

Ṣọlá, ẹni tó wà ní apá tirẹ̀ tí wọ́n wá bá níbẹ̀, akoto rẹ̀ lo wá ń bi wá. Ó dáa.

Lọ́yà Alágbàká

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí òfin dúró sí, kí a má máa fi ìbínú dájọ́. Mi ò tíì rí fáìlì, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí ni mo ń sọ, kì í ṣe bí ẹjọ́ yìí yóò ṣe parí.

Ìyàwó dẹ́rẹ́bà ń sọ pé àwọn tó fún un lọ́tí ló jẹ̀bi. Mo bá a kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ìyẹn ò lè gba ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn tí à ń lò níhà gúúsù sọ ọ́ ní abala 29 pé ìmutípara kì í ṣe àwíjàre. Lára ibi tó yọ sílẹ̀ ni: bí ẹlòmíì bá fi èrò ibi tàbí àìbìkítà mú kí ọtí pa èèyàn láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i, tí kò sì mọ ohun tó ń ṣe mọ́. Bí ẹnì kan bá yọ́ da ògógóró sínú mínírà rẹ̀, ẹ lè máa sọ̀rọ̀ ibẹ̀ yẹn. Bíà tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ ní gbangba, tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí, kò bá ibẹ̀ yẹn tan rárá.

Ẹ̀sùn tí wọ́n sábà máa ń fi kan irú wọn ni wíwakọ̀ lọ́nà tó léwu títí ẹ̀mí fi bọ́. Bí agbẹjọ́rò ìjọba bá rí i pé àìbìkítà náà ti kọjá ààlà, ó lè pè é ní ìpànìyàn láìní ète ìpànìyàn nínú, ìyẹn sì lè di ẹ̀wọ̀n gbére. Kí ẹnikẹ́ni má tan ẹbí pé àwọn máa "yanjú ẹ̀ ní àgọ́" o. Opó lè dárí jì í, kí wọ́n jọ dì mọ́ra pàápàá, ẹjọ́ ìjọba ṣì ni. Ẹni tó bá sì gbowó lórí àdéhùn pé òun máa bo ẹ̀ṣẹ̀ ńlá mọ́lẹ̀ ti dá ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn.

Ó wá ku ẹ̀gbọ́n rẹ. Ti ẹ̀wọ̀n, ó ṣeé ṣe kó má kàn án. Ti owó ni kó fọkàn sí. Òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni dẹ́rẹ́bà, ọkọ̀ rẹ̀ ni, iṣẹ́ tó ń mówó wọlé fún un sì ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́. Nínú ẹjọ́ gbà-máà-bínú, ọ̀gá ló ń dáhùn fún ohun tí ọmọọṣẹ́ bá bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. "Mi ò sí níbẹ̀" ò ràn án lọ́wọ́, nítorí kò sí ọ̀gá kankan níbẹ̀ nígbà tí nǹkan ń bàjẹ́.

Ẹ wá ìwé ìṣúra ọkọ̀ yẹn jáde, èyí tí gbogbo wa ń pè ní third party. Nítorí irú ọjọ́ yìí gan-an ni òfin ṣe sọ ọ́ di dandan, kí ẹni tí ọkọ̀ pa tàbí tí ó ṣe léṣe má lọ lọ́wọ́ òfo. Ilé iṣẹ́ ìṣúra ló yẹ kó kọ́kọ́ dá opó yẹn lóhùn.

Máàṣáàlì Fẹ̀yìntì

Mo kí lọ́yà wa. Mo ti wọ aṣọ Road Safety rí, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un.

Láti 1988 tí wọ́n ti dá àjọ náà sílẹ̀, tí Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, a ò yéé wàásù lòdì sí ọtí ní gárééjì. Ìlànà ìrìnnà ti 2012 sọ ìwọ̀n tí ẹ̀jẹ̀ dẹ́rẹ́bà ò gbọdọ̀ kọjá: ìdajì gíráàmù ọtí nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n máa ń ní kí ó fẹ́ atẹ́gùn sí, ó máa ń sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn ò lè wà ní gbogbo kọ́nà, pàápàá lálẹ́ Sátidé tí gbogbo ìnáwó ń tú lẹ́ẹ̀kan náà.

Tí wọ́n bá wá mú un tí kò tíì ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦5,000. Bẹ́ẹ̀ ni o, ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ìwakùwà tó léwu, ₦50,000 ni. Tí èèyàn bá ti kú, ó kúrò lọ́wọ́ Road Safety nìyẹn, ọlọ́pàá ló kù tó ni ín.

Bọ̀dá Ọjà Ọba

Ẹgbẹ̀rún márùn-ún? Ẹran ìgbẹ́ tó máa fi mu bíà yẹn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan: ṣé wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ dẹ́rẹ́bà yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà? Tí wọn ò bá gbà á, kò sí ẹni tó lè gbà á lónìí mọ́, nítorí ọtí ti kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀ fún yín, torí mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé láti ọ̀sán di alẹ́, ó ti "dá." Ìgò bíà ńlá kan jẹ́ 60 cl. Bí agbára rẹ̀ bá jẹ́ 5%, ọtí gidi inú rẹ̀ jẹ́ mílílítà 30. Ọ̀rá kékeré onímílílítà 30, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 40%, ní mílílítà 12 nínú. Ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà ń mú nǹkan bíi mílílítà 10 kúrò ní wákàtí kan, ara ò sì rí bákan náà. Ẹni tó bá mu ìgò mẹ́rin àti ọ̀rá méjì láti ọ̀sán ti kó mílílítà 144 sínú, ìyẹn iṣẹ́ wákàtí mẹ́rìnlá. Tó bá fi máa wakọ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

Omi tútù, kọfí, epo pupa, kí wọ́n ní kó sùn díẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀: kò sí èyí tó ń lé ọtí jáde kíákíá. Ẹ̀dọ̀ kò ní tọ́tù tí èèyàn lè tẹ̀. Oorun kàn ń jẹ́ kó rò pé ara òun ti mókun ni, ojú rẹ̀ á mọ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á sì ṣì máa pẹ́ kó tó dé bíréèkì. Àwọn yẹn ló burú jù lára àwọn tí wọ́n ń gbé wá fún wa.

Ọmọ Ìyá Alágbo

Mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ máa dé orí àwọn tó ń tà á. Ìyá mi ń ta àgbo ní gárééjì kan níhìn-ín ní Àkúrẹ́, jẹ̀díjẹ̀dí, ọ̀pá ẹ̀yìn, gbogbo rẹ̀. Owó yẹn ló rán mi dé yunifásítì, FUTA. Àgbàlagbà ló ń wá rà á, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wá. Ìyá mi ò mọ ẹni tó fẹ́ lọ wakọ̀ àti ẹni tó fẹ́ lọ sùn.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Àbúrò mi, mi ò bú mọ̀mí, ẹ bá mi kí wọn. Ṣùgbọ́n nínú gárééjì, ní aago mẹ́fà àárọ̀, ta ló tún ń mu paraga bí kò bá ṣe dẹ́rẹ́bà, kọ̀ńdọ̀ àti agbèrò? Ògógóró ni wọ́n fi rẹ ewé àti egbò tó wà nínú ìgò wọ̀nyẹn. Àgbo olómi wà, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ta ìyẹn fáwọn dẹ́rẹ́bà.

Ọmọ Ìyá Alágbo

Wọn kì í ra ti olómi. Ẹ lọ béèrè.

Máàṣáàlì Fẹ̀yìntì

Òótọ́ ló sọ, wọn kì í rà á. Ẹ rántí pé ní oṣù Kejì 2024 ni NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọtí inú ọ̀rá àti ti ìgò kéékèèké. Àwọn òṣìṣẹ́ yarí, àwọn aṣòfin ní kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú, wọ́n sì sún un. A mọ̀ nípìńlẹ̀ yìí ohun tí ọtí tí kò ní alámòójútó lè ṣe: ní 2015, àwọn èèyàn ń fọ́jú, wọ́n sì ń kú ní Òde-Ìrèlè, àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú, àfi ìgbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé kẹ́míkà methanol ló wà nínú ògógóró. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ pé ọmọ tó ń kiri ọ̀rá níbi ìsìnkú ló pa ọlọ́kadà. Ẹ jẹ́ ká wo òkè díẹ̀.

Ará Yokohama

Ọmọ Ìdànrè ni mí, Japan ni mò ń gbé. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é níbí.

Ní 2006, òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú kan mutí yó nílùú Fukuoka, ó wa ọkọ̀ gbá ọkọ̀ ẹbí kan láti ẹ̀yìn lórí afárá, ọkọ̀ náà já sínú omi, ọmọ mẹ́ta kú. Inú bí gbogbo ìlú. Nígbà tó di 2007, wọ́n yí òfin padà. Kì í ṣe ẹni tó wakọ̀ nìkan ni wọ́n ń mú mọ́. Ẹni tó bá fún ọ ní ọkọ̀ nígbà tó mọ̀ pé o ti mutí, ìjìyà tìrẹ àti tirẹ̀ dọ́gba: bí ọtí bá ti pa ọ́ gan-an, ẹ̀wọ̀n lè tó ọdún márùn-ún. Ẹni tó bá fún ọ lọ́tí nígbà tó mọ̀ pé o fẹ́ wakọ̀, ọdún mẹ́ta. Ẹni tó bá mọ̀ pé o ti yó, tó sì ní kí o gbé òun, ọdún mẹ́ta náà.

Nítorí náà tí mo bá gbé ọkọ̀ lọ síbi àríyá níbí, kí n tó jókòó ni wọ́n ti máa bi mí pé ṣé mo gbé ọkọ̀ wá. Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, tíì ni wọ́n máa gbé fún mi. Tí mo bá sì ti mu, mo lè pe àwọn kan tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n wá, èèyàn méjì, ọ̀kan á wa ọkọ̀ mi lọ sílé mi, èkejì á máa tẹ̀ lé e kó lè gbé e padà.

Tó bá jẹ́ ibí ni, Ọmọ Ìjọ̀mú, mọ̀mí yín, ọmọ olóòkú àti ẹ̀gbọ́n yín, gbogbo wọn ni wọ́n á ti pè fún ìbéèrè.

Ṣọlá Ọ̀dà Road

Kí wọ́n wá kó gbogbo àwọn ìyá tó wọ aṣọ ẹbí sínú Black Maria. A dúpẹ́ a ò sí ní Japan.

Dẹ́rẹ́bà Ọ̀rẹ̀

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè. Èmi wakọ̀, mo ṣì ń wà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ ò rí.

Kò sí òde tí wọn kì í ti gbé ọtí fún dẹ́rẹ́bà. Bí o bá ní o ò mu, wọ́n á ní o ń gbéra ga, tàbí kí wọ́n bi ọ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì wo lò ń lọ. Oúnjẹ gan-an ló máa ń pẹ́ kó tó kàn wá, ó di ìgbà tí gbogbo àlejò bá jẹun tán. Bíà ló ń kọ́kọ́ dé. Èèyàn á máa mu ún sí ikùn òfìfo nínú oòrùn láti ọ̀sán. Kò sọ pé kí ó wakọ̀ o! Mi ò gbèjà rẹ̀. Ẹni tó bá ti mu kó ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kí wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́ bó bá ṣe pé wọ́n fẹ́ lé e.

Ṣùgbọ́n ọlọ́kọ̀ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Kò sí ọlọ́kọ̀ tí kò mọ̀ bí dẹ́rẹ́bà òun bá ń mutí. Ojú rẹ̀ á sọ fún un láàárọ̀ tó bá wá gba kọ́kọ́rọ́. Níwọ̀n ìgbà tó bá ti ń jíṣẹ́ owó lálẹ́ láìdín, ọ̀gá á dákẹ́. Ọjọ́ tí owó bá dín ló máa rántí pé ọmùtí ni.

Ọmọ Ìjọ̀mú, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, bi ẹ̀gbọ́n rẹ: ṣé àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí?

Ọmọ Ìjọ̀mú

Mi ò fẹ́ sọ ọ́ níbí, ṣùgbọ́n ẹ ti béèrè.

Kì í ṣe àkọ́kọ́. Nígbà òjò tó kọjá, ó gbé bọ́ọ̀sì yẹn wọ gọ́tà ní Ṣáṣá, ó ti mutí. Kò sí èrò nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi yọ owó bọ́ńpà àti iná kúrò nínú owó rẹ̀ títí ó fi san án tán. Ó ní òun bá a wí. Ìyá mi mọ̀ sí i. Ìyẹn gan-an ló ń jà wọ́n lábẹ́lẹ̀, àwọn méjèèjì ò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ gidi láti Sátidé.

Dẹ́rẹ́bà Ọ̀rẹ̀

Ó yọ owó bọ́ńpà, ó sì fún un ní kọ́kọ́rọ́ padà.

Lọ́yà Alágbàká

Ohun tí o sọ yìí wúwo ju gbogbo èyí tí a ti ń sọ lọ, ó sì dáa kí ẹ̀gbọ́n rẹ rí lọ́yà tirẹ̀ kó tó tún bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀bi ọmọọṣẹ́ lòun ń dáhùn fún. Bí ó bá ti mọ̀ pé ọkùnrin yìí ń mutí wakọ̀, tó tún gbé odindi ẹgbẹ́ lé e lọ́wọ́ lọ síbi tí ọtí ti máa ṣàn, àìbìkítà tara rẹ̀ náà ti wà níbẹ̀ nìyẹn. Èmi, gẹ́gẹ́ bí èèyàn, ẹni tó mọ̀ tó sì tún fún un ní kọ́kọ́rọ́ ni mo máa kọ́kọ́ wò lẹ́yìn dẹ́rẹ́bà, ṣáájú ọmọ olóòkú tó ṣeé ṣe kó má mọ orúkọ rẹ̀ pàápàá.

Ìyá Ìbejì Ìsìkàn

Mo gbà. Mo sì yí ohùn mi padà díẹ̀ lórí ọmọ olóòkú, àmọ́ kì í ṣe tán pátápátá. Ẹni tó ń pín ọtí níbi tí wọ́n ti ń pe tábìlì yẹn ní tábìlì àwọn dẹ́rẹ́bà, kí ló rò pé wọ́n fẹ́ fẹsẹ̀ rìn lọ sílé?

Àṣàkẹ́ B.

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ọkọ mi kú lójú ọ̀nà yẹn, mi ò ní sọ ọdún rẹ̀. Ọkọ̀ tó gbá a, wọ́n ní dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ti mu láti àárọ̀. Mo ń ka bí ẹ ṣe ń pín ẹ̀bi, mo wá fẹ́ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ilé kejì.

Àwọn ẹgbẹ́ tó háyà ọkọ̀ yẹn wá kí wa. Wọ́n kó àpò ìrẹsì méjì, epo kèègì kan, àti àpò ìwé. Wọ́n ní kí n jókòó sáàárín ìrẹsì náà, wọ́n ya fọ́tò. Wọ́n gbàdúrà, àdúrà gígùn. Lẹ́yìn náà, bàbá kan tó wọ agbádá funfun yọ ìwé kan jáde, ó ní kí n fọwọ́ sí i pé "ẹbí ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀, kò sì ní pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́." Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gba bírò lọ́wọ́ mi. Òun ló jẹ́ kí n má fọwọ́ sí i.

Kò sí ẹni tó béèrè iye owó mọ́ṣúárì. Kò sí ẹni tó béèrè kíláàsì tí àwọn ọmọ wà. Ọkọ mi ṣì ń san owó ọ̀kadà rẹ̀ lọ́wọ́, háyà pọ́ṣéèsì ni, ẹni tó ni ín wá gba àfọ́kù rẹ̀, ó ní ó ku ìdá kan tí a ò tíì san.

Ọmọ Ìjọ̀mú, tí ẹgbẹ́ mọ̀mí yín bá fẹ́ lọ, kí wọ́n lọ. Kí wọ́n má mú kámẹ́rà lọ, kí wọ́n má mú ìwé lọ. Kí wọ́n béèrè pé ta ló ni gbèsè ọ̀kadà. Kí wọ́n sì dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó kán lẹ́sẹ̀ yẹn pẹ̀lú, gbogbo yín ti gbàgbé rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Mọ̀mí, ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á tọ́jú àwọn ọmọ. Òótọ́ lẹ sọ, èmi gan-an ṣe ìṣirò ìgò títí, mi ò béèrè rẹ̀. Irin tí wọ́n máa fi sínú ẹsẹ̀ rẹ̀, bó bá jẹ́ egungun itan ló kán, ẹbí rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wá owó rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wọ tíátà.

Ọmọ Ìjọ̀mú

Ẹ ṣeun gan-an, mọ̀mí Àṣàkẹ́. Mo ka ọ̀rọ̀ yín sí ìyá mi létí. Wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n ní kí n tún un kà.

Nǹkan mìíràn tún wà. Fídíò ọjọ́ náà wà lórí WhatsApp ẹgbẹ́. Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń náwó fún olórin, dẹ́rẹ́bà wa hàn lẹ́yìn, ó gbé ìgò dání, ó ń jó. Láti àná ni alága ẹgbẹ́ ti ń sọ pé kí gbogbo ẹni tó bá ní in nù ún kúrò lórí fóònù, kí ọlọ́pàá má baà fi mú ẹnikẹ́ni. Àwọn bíi mélòó kan ti nù ún.

Lọ́yà Alágbàká

Kí wọ́n dáwọ́ dúró! Ẹ sọ fún alága yín kíá. Ẹni tó bá mọ̀ pé nǹkan lè di ẹ̀rí nínú ẹjọ́, tó wá pa á rẹ́ kí kóòtù má baà rí i, ẹ̀ṣẹ̀ ni, ó lè ti òun fúnra rẹ̀ dé ẹ̀wọ̀n. Títí di àná, ẹgbẹ́ yẹn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ẹjọ́ kankan lọ́rùn. Wọ́n háyà ọkọ̀, wọ́n sanwó. Fídíò tí wọ́n ń nù yìí ló máa dá ẹjọ́ sílẹ̀ fún wọn. Bí wọn ò bá sì gba ẹ̀jẹ̀ dẹ́rẹ́bà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bí Nọ́ọ̀sì ṣe béèrè, ó lè jẹ́ fídíò yẹn àti ẹnu àwọn tó wà níbẹ̀ ni ẹbí olóògbé ní.

Lórí owó tí wọ́n fẹ́ dá, bí wọ́n bá fún opó lówó ìsìnkú, ìyẹn nìkan kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Kí wọ́n dá a, kí wọ́n fún un. Kí wọ́n má ní kó fọwọ́ sí nǹkan kan.

Bọ̀dá Ọjà Ọba

Èmi ṣì dúró lórí dẹ́rẹ́bà o. Ẹ ti pín ẹ̀bi yìí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fẹ́ẹ̀ má kù fún ẹni tó di ìdarí mú.

Dẹ́rẹ́bà Ọ̀rẹ̀

Bọ̀dá, ẹ̀bi dẹ́rẹ́bà ò dín. Odindi rẹ̀ ló gbé, ẹ̀wọ̀n ló sì ń lọ. Ti ọ̀gá rẹ̀ dá dúró, odindi ni òun náà.

Ọmọ Ìjọ̀mú

Ìpàdé ti wáyé. Ariwo pọ̀. Wọ́n dá owó, wọ́n pín in sí méjì, ti opó àti ti ẹni tó kán lẹ́sẹ̀. Ìyá mi àti ìyá kan péré ló máa lọ, kò sí fọ́tò. Alága bínú jáde nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ lọ́yà lórí fídíò. Ó dáa, ìyá mi kò nu tiwọn, torí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń nu nǹkan lórí fóònù. Wọ́n tún fẹnu kò pé dẹ́rẹ́bà tó bá gbé ẹgbẹ́ lọ òde, abọ́ ìrẹsì àti mọ́ọ̀tì rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jáde kí ti ẹnikẹ́ni tó jáde, ẹgbẹ́ ló sì máa gbé e fún un. A máa rí i.

Ẹ̀gbọ́n mi fún mi ní ìwé third party. Ibo ni mo ti lè mọ̀ bóyá ó wà lóòótọ́?

Lọ́yà Alágbàká

Lọ sórí NIID, ojú òpó tí àwọn ilé iṣẹ́ ìṣúra kó gbogbo ìwé ọkọ̀ sí. Fi nọ́ńbà ọkọ̀ síbẹ̀, ó máa jáde bó bá wà.

Ọmọ Ìjọ̀mú

Mo fi sí i, mo tún un fi. Nọ́ńbà náà kò sí níbẹ̀ rárá.

Máàṣáàlì Fẹ̀yìntì

Èló ló san? Láti oṣù Kìíní 2023 ni third party ọkọ̀ ara ẹni ti kúrò ní ₦5,000 di ₦15,000, ti èrò sì ju ìyẹn lọ. Bí wọ́n bá ta á fún un ní ẹ̀dínwó, ìwé orí kọ̀ǹpútà lásán ni wọ́n tẹ̀ fún un.

Lọ́yà Alágbàká

Bí kò bá sí ìṣúra, òun fúnra rẹ̀ ni opó àti ẹni tó kán lẹ́sẹ̀ máa dojú kọ, láti inú àpò rẹ̀, ọkọ̀ aláìníṣúra sì tún jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́tọ̀. Kó má tíì gbà bẹ́ẹ̀ o. Kó gbé ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀, kí wọ́n kọ èsì sílẹ̀ fún un. Ta ló bá a gbà á?

Ọmọ Ìjọ̀mú

Ó ní ọmọkùnrin kan tó máa ń bá òun ṣe pátíkúlà ní gbogbo ọdún. Òun kì í dé ibẹ̀, owó lòun máa ń fi ránṣẹ́. Mo ti pe ọmọ náà, ó gbé e, ó gbọ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, ó sì pa fóònù. Mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la.